Kí ni kí n máa kà sí Bàbá mi létí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé?

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

1944 ni wọ́n bí Bàbá mi. Iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n fi tọ́ wa, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ wọ́n mọ́ ìwé. Bí wọ́n bá ti da aṣọ bo máṣíìnì lálẹ́, ìwé ni wọ́n á fà yọ lábẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Láti bí ọdún méjì ni ojú ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní glaucoma ni, pé èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́, pé èyí tó kù ni oògùn tí à ń kán sí i ń dáàbò bò.

Bàbá kò ráhùn. Àfi Sátidé tó kọjá tí mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn Aláròyé sórí itan, wọ́n ń fi ìka ìlábẹ̀ tọ àkọlé ńlá iwájú rẹ̀ lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ìka ń lọ, ẹnu kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ìka dé òpin, wọ́n tún dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn wọn, n kò lè kọjá lọ, n kò sì lè sọ̀rọ̀.

Mo ti wá pinnu pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àti lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi ni n ó máa kàwé sí wọn létí. Mo bi wọ́n pé irú èwo ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣà, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ìṣèlú, àti ti àwọn òṣèré àti akéwì. Wọ́n ní, "Má ka ìwé ọmọdé fún mi o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú èyí tó dùn ún gbọ́. Èyí tí mo ti dán wò lẹ́ẹ̀kan, ó dùn lójú mi nígbà tí mo ń dá kà á, àmọ́ bí mo ṣe ń ka á síta ni mo ń kọsẹ̀, Bàbá sì sùn lọ. Owó ọwọ́ mi náà kò pọ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Tíṣà Àtijọ́ (Ọ̀yọ́):

Ọmọ mi, o káre. Àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe é fún ọ.

Ọdún 34 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ohun tí mo rí ni pé òǹkọ̀wé kan wà tó ń fi ojú kọ̀wé, òmíràn wà tó ń fi etí kọ ọ́. Èyí tó fi etí kọ ọ́ ni kí o wá lọ. Má sì wá a jìnnà. Àṣà, ẹ̀sìn, ìṣèlú, eré, gbogbo ohun tí Bàbá kà sílẹ̀ yẹn ló wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ agbègbè wa níbí kọ, tàbí tí wọ́n kọ nípa wa. A kàn fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò ni.

Adébáyọ̀ Fálétí ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọdún 2017 ló papò dà. Ó ṣiṣẹ́ ní WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1959. Ẹni tó ti fi ohùn jẹun mọ bí gbólóhùn ṣe ń bọ́ sí etí. Mú "Basọ̀run Gáà" rẹ̀. Eré onítàn ni, ìwé ìṣèlú sì ni pẹ̀lú. Gáà di Basọ̀run l'Ọ́yọ̀ọ́-Ilé ní nǹkan bí 1754, ó sì gba agbára mọ́ Aláàfin lọ́wọ́. Ọba márùn-ún ló gorí ìtẹ́ lójú rẹ̀. Ó pa mẹ́rin nínú wọn. Ìkarùn-ún, Abíọ́dún, ni kò yára. Ó ń lọ kí Gáà lójoojúmọ́ bí ọmọ tí ń kí bàbá, títí ọjọ́ fi pé ní 1774 tí ó fi rẹ́yìn rẹ̀. Àgbàlagbà tó ti rí ìjọba mélòó kan kọjá kò ní sùn lórí ìwé yẹn.

Bí o ṣe máa kà á nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí o ti ka ìran tí o máa kà lọ́la tán, kí o ka á síta ní yàrá rẹ. Níbi tí ẹnu bá ti kọsẹ̀, fi pẹ́ńsù fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ìwé wa ni kò ní àmì tó péye: "ọkọ" lè jẹ́ ti ìyàwó, ó lè jẹ́ èyí tí a fi ń roko, ó lè jẹ́ èyí tí ológun ń sọ, ó sì lè jẹ́ èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Ìlọrin. Bí o bá pe ọ̀kan fún èkejì, ìtàn ti dàrú létí Bàbá nìyẹn. Ìkejì, ohùn Gáà àti ohùn Abíọ́dún kò gbọdọ̀ bára mu. Gba ohùn Gáà wálẹ̀, kí ó wúwo. Jẹ́ kí ti Abíọ́dún rọ̀.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀wọ́dé, Ọ̀yọ́):

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà wa. Ọmọ Ajílété, àbúrò mi, èmi máa mú ìwé tí kò sí nínú ohun tí Bàbá kà sílẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ náà ni Oládẹ̀jọ Òkédìjí. "Àjà Ló Lẹrù" rẹ̀ jáde ní 1969. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni: Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, òun àti Tàfá Ìgiripá, wọ́n ń lé àwọn ọ̀daràn káàkiri.

Ìdí tí mo fi mú un ni èdè. Ọkọ mi ń kà á sí mi létí nígbà tí mo wà lórí ibùsùn ìtọ́jú lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì. Òwe ń tẹ̀lé òwe, àwàdà ń wọnú ìjà, mo sì ń di ikùn mú kí n má baà rẹ́rìn-ín já okùn tí dókítà fi rán mi. Bí Bàbá bá rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ọ̀rọ̀ ìjọba kò wù wọ́n gbọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, "Àgbàlagbà Akàn" ti 1971 ló tẹ̀lé e, Lápàdé kan náà ni. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú sì wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé yìí kan náà: "Rẹ́rẹ́ Rún", eré nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá agbanisíṣẹ́ jà àti ohun tó dé bá Láwúwo tó jẹ́ olórí wọn. Àmọ́ ọkàn máa ń gbọgbẹ́ lórí ìyẹn o. Ẹ má kà á sún mọ́ àkókò oorun.

Àlájì Sábó (Ògbómọ̀ṣọ́):

As-salaamu alaykum. Gbogbo ohun tí ẹ wí ló dára, ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí èmi kò lè gbà kí ẹ fò kọjá. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, "The History of the Yorubas".

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìwé náà fúnra rẹ̀, torí mo rò pé òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún Bàbá. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni Johnson, l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1846. Nígbà ogun Kírìjì, òun wà lára àwọn tó ń gbé lẹ́tà àlàáfíà láti àgọ́ kan bọ́ sí èkejì ní 1886. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un nìkan ló kọ, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Ó jókòó ti àwọn arọ́kin, àwọn tó ń ka ìtàn ọba láàfin, ó gbọ́ tẹnu wọn. 1897 ló parí ìwé náà. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí London, ó sì sọnù lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ogún ọdún! Ọkùnrin náà kú ní 1901, kò fojú rí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. 1921 ló tó jáde. Ìgbàkígbà tí mo bá ṣí i ni mo máa ń ronú kan àbúrò yẹn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì lé ní 600 ojú ewé. Ẹ má kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ka ìpínrọ̀ kan sínú, kí ẹ wá sọ ọ́ ní Yorùbá fún Bàbá bí ẹni tó ń ròyìn. Orí tó sọ̀rọ̀ nípa Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ni kí ẹ mú ṣáájú. Aláàfin Àtìbà kú ní 1859, Adélù àrẹ̀mọ rẹ̀ gorí ìtẹ́. Kúrunmí ní rárá, àṣà ni pé kí àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú, òun kò ní forí balẹ̀ fún un. Lórí ìyẹn ni ogun fi dé, tí Ìjàyè fi tú ní 1862. Ta ló jàre? Ẹ bi Bàbá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń jiyàn lórí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ọ̀rọ̀ kò tíì tán nílẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sọ́kàn: ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Ará Ìjẹ̀bú tàbí ará Ẹ̀gbá tó bá kà á máa ń rí ibi tó ti gbè sí ọ̀dọ̀ kan.

Ti ẹ̀sìn ńkọ́? Bí Bàbá bá ní ọ̀rẹ́ Mùsùlùmí tó ń wá kí wọn, Àlùkùránì tí wọ́n tú sí Yorùbá wà, Lárúbáwá ní ẹ̀gbẹ́ kan, Yorùbá ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Súrà Yúsúfù ni kí ẹ kà. Ìtàn Jósẹ́fù inú Bíbélì ni, wọ́n á lè fi méjèèjì wéra, ọ̀rọ̀ á sì pọ̀ láàárín àwọn àgbà méjèèjì.

Díákónẹ́ẹ̀sì (Òkè-Àdó, Ògbómọ̀ṣọ́):

Àlájì, ẹ ṣeun, ìyẹn dára gan-an. Ní ti àwa tí a jẹ́ onígbàgbọ́, lẹ́tà tí Àjàyí Crowther kọ ní 1837 ni mo mú wá. Nínú rẹ̀ ló ti ròyìn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn lọ́nà Ìsẹ́yìn ní 1821, nígbà tó jẹ́ ọmọdé: bí àwọn ológun ṣe yí ìlú ká láàárọ̀, bí wọ́n ṣe fi okùn so ìyá àti ọmọ pọ̀. Kò gùn, ẹ lè kà á tán ní ìjókòó kan. Ọmọdé yẹn ló padà di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ló sì ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá tó pé odidi ní 1884. Bí ẹ bá ka lẹ́tà náà tán, ẹ ṣí Sáàmù 126, nígbà tí Olúwa mú ìkólọ Síónì padà. Ẹ kà á láìyára. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ wa, a kò lè kọrin tó yẹ kó tẹ̀lé e.

Fún ti ìlú wa, ẹ sọ fún Bàbá pé 1855 ni Thomas Bowen, òyìnbó oníwàásù Onítẹ̀bọmi, dé Ògbómọ̀ṣọ́, àti pé ní 1858 ni wọ́n tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde l'Amẹ́ríkà. Mo máa ń ṣí i wò lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Wíwo ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ ní ọdún yẹn, kí ẹ máa bi Bàbá pé "Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí?", eré tó dùn ni lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú ìwé Ifá wá, ẹ dákun, ẹ rántí pé ilé onígbàgbọ́ ni.

Ọmọ Kòso (Ọ̀yọ́):

Ìyá wa, ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ àṣà fún òun. Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ṣe olórí Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1982 di 1989. "Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá" rẹ̀ tó jáde ní 1968, ẹsẹ Ifá ló kó jọ síbẹ̀ pẹ̀lú àlàyé. Ìtàn ni, ewì ni. Ẹni tó bá kà á kò di babaláwo, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ka Sáàmù kò ṣe di Júù. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún iyebíye gbogbo ayé. Bí a bá ní kí Bàbá má gbọ́ ọ, àlejò yóò mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Díákónẹ́ẹ̀sì (Òkè-Àdó, Ògbómọ̀ṣọ́):

Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. N kò ní kà á nínú ilé tèmi. Ṣùgbọ́n Bàbá ló ni ilé tiwọn, kí wọ́n bi Bàbá.

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́):

Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní, "Mo rán aṣọ fún babaláwo, mo rán fún àlùfáà, mo rán fún pásítọ̀. Èwo nínú wọn ni mo ní kó má sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń wọn ejìká rẹ̀?" Nítorí náà, ìwé Ifá wọlé. Sáàmù 126 náà wọlé. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì.

Akéwì Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́:

Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kan eré àti ọnà dáadáa, ẹ jẹ́ kí n wọlé.

Ìwé ìrìnàjò Clapperton tó jáde ní 1829. Òyìnbó náà dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, nígbà tí ìlú náà ṣì dúró. Wọ́n ṣe eré fún un lójú Aláàfin, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn òṣèré wà nínú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń fò. Ejò ńlá kan jáde, ó ń yọ ahọ́n. Lẹ́yìn náà ni apá kẹta eré dé: àpò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ẹnì kan, kí ẹ tó mọ̀, ènìyàn funfun kan ló dúró níbẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ! Ó ń fín áásáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo Clapperton bóyá ó dá ara rẹ̀ mọ̀. Ọdún 1826 nìyẹn o. Àwọn tó ń sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ló kọ́ wa ní eré orí ìtàgé, kí wọ́n ka ojú ewé yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ tú u bí Àlájì ṣe wí. Bí Bàbá bá ti rí eégún alárìnjó rí, wọn yóò sọ èyí tí Clapperton kò mọ̀ fún yín.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ Olókùn Ẹṣin, ìjòyè tó ń mójú tó ẹṣin ọba. L'Ọ́yọ̀ọ́ níbí ló ti ṣẹlẹ̀ ní 1946: ọba wàjà, ó yẹ kí Olókùn Ẹṣin bá a lọ, òyìnbó aláṣẹ dá a dúró, ọmọ rẹ̀ sì gba ipò bàbá. Dúró Ládípọ̀ fi ṣe "Ọba Wàjà" ní 1964, Wọlé Ṣóyínká fi kọ "Death and the King's Horseman" ní 1975. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lò fún Bàbá ni fíìmù rẹ̀ tí Biyi Bandele ṣe, tó jáde ní 2022. Yorùbá ni wọ́n sọ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ríran dáadáa lè fi etí wò ó: ìlù wà, ọfọ̀ wà, òwe wà. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ máa sọ ohun tó ń lọ fún wọn níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wá ka ìwé.

Tíṣà Àtijọ́ (Ọ̀yọ́):

Akéwì, o ṣe é. Àtúnṣe kékeré kan: 1946 ni Ṣóyínká kọ sí iwájú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá 1944 ni Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà, oṣù Kìíní 1945 ni ọ̀rọ̀ Olókùn Ẹṣin ṣẹlẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí Bàbá Ọmọ Ajílété gan-an ni ọba wàjà. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn kí ẹ tó tan fíìmù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi "Ọmọ Olókùn Ẹṣin" Fálétí pe ìtàn yìí o. Orúkọ ló jọra. Ìtàn àròsọ ni tirẹ̀, 1969 ló jáde, ọ̀rọ̀ ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ fẹ́ gba òmìnira ni. Òun náà dára púpọ̀.

Akéwì Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣeun, sà. Mo gbà á.

Ọmọ Tákié (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 21 ni Bàbá nígbà tí wọ́n pa Ládòkè Akíntọ́lá ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966. Ẹni tó gbé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà yẹn kò nílò kí ìwé sọ fún un bí ọ̀fọ̀ ṣe rí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé tí ẹ máa kọ́kọ́ mú. Níbi gbogbo ni a ti ń gbọ́ tẹnu àwọn tó bá Akíntọ́lá jà. Ìwé Akínjídé Ọ̀ṣúntókun lórí ayé àti ìgbà rẹ̀ jáde ní 1984, ó fara balẹ̀: iṣẹ́ tíṣà, ìwé ìròyìn "Daily Service" tó ṣe olótùú rẹ̀, ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1964, àti ìjà òun àti Awólọ́wọ̀ tó bẹ́ ní 1962. Ẹ wá gbé ìwé tí Awólọ́wọ̀ kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ tó jáde ní 1960 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ìyẹn kí ìjà tó dé, ẹ ó rí àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń jẹun nínú àwo kan.

Ẹ má sì yọ "Yorùbá Ronú" Ògúnǹdé sílẹ̀. 1964 ni, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ lórí ẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo nífẹ̀ẹ́ Akíntọ́lá, ṣùgbọ́n mo gbà pé kò yẹ kí ìjọba rẹ̀ pa ẹnu òṣèré mọ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ́wọ́ mi nìyí: kí ẹ tó ṣí ìwé kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kí ẹ tẹ ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ bi Bàbá pé, "Kí lẹ fojú rí nígbà wẹtíẹ̀, nígbà tí rògbòdìyàn ìṣèlú bo Ìwọ̀-Oòrùn?" Bàbá tèmi lọ láì jẹ́ pé mo bi í. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi ni fọ́tò kan tó wọ fìlà abetí ajá, n kò sì mọ ẹni tó dúró tì í.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀wọ́dé, Ọ̀yọ́):

Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí owó. Mo ra eré onítàn kan ní àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Èèpo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé láti ojú ewé 32 ó fò sí 49. Ojú ewé 16 odidi ni kò sí níbẹ̀, torí bí ilé ìtẹ̀wé ṣe ń dì wọ́n ní ìdì-ìdì nìyẹn, bí ìdì kan bá já, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ìran tí ọba fẹ́ kú gan-an ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣí gbogbo ojú ewé kí ẹ tó sanwó, kí ẹ ka nọ́ńbà wọn.

Àwọn ìwé Yorùbá tí wọ́n ń lò fún ìdánwò kì í wọ́n púpọ̀, ẹ bi ilé ìtàwé tó wà nítòsí ilé ìwé girama. Johnson, Clapperton àti Bowen ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi lè rí wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí archive.org. Ẹ wà wọ́n sílẹ̀ lóru nígbà tí dátà bá rọ̀jú. Fún ìwé tuntun, ẹ wo Àtẹ́lẹwọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ewì àti ìtàn kúkúrú tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi Yorùbá kọ lóde òní ló wà níbẹ̀. Inú Bàbá á dùn pé àwọn ọmọ kékeré ṣì ń kọ ọ́.

Ọmọ Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ kú ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wá jíyìn.

Ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló yá mi ní "Basọ̀run Gáà". Mo ṣe bí Tíṣà ṣe wí, mo fi pẹ́ńsù fi àmì sí i lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní Sátidé, mo gba ohùn Gáà wálẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Mo rò pé mo ti ṣì í kà. Wọ́n ní, "Kì í pariwo. Ẹni tó ní agbára báyìí kì í pariwo. Tún un kà jẹ́ẹ́jẹ́." Mo tún un kà jẹ́ẹ́jẹ́, ara mi sì bù máṣọ. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ni aládùúgbò wa gbé àga tirẹ̀ wá, ọmọ rẹ̀ méjì tẹ̀lé e. Iná kò sí, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kà á títí a fi parí ìran náà. Kò sẹ́ni tó sùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé fóònù sílẹ̀ bí Ọmọ Tákié ṣe ní kí n ṣe é, mo bi wọ́n nípa wẹtíẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ wọn ń ra etí aṣọ wọn bí ẹni tó ń wá ibi tí okùn ti tú. Wọ́n wá ní ọmọṣẹ́ ni àwọn nígbà yẹn, pé Ọ̀gá àwọn ń rán ẹgbẹ́jọdá fún Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, ó ń rán fún Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ó sì ń kó ti Ọlọ́pẹ sínú àjà lábẹ́ páànù. Ní òru ọjọ́ kan, àwọn kan wá gbálẹ̀kùn, Ọ̀gá ní kí Bàbá jókòó ti máṣíìnì, kí ó máa wa á láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, kí àwọn tó wà níta lè rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Abẹ́rẹ́ ń lu irin títí wọ́n fi lọ. N kò gbọ́ ìtàn yìí rí ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ìṣẹ́jú 47 ni ohùn tó wà lórí fóònù mi báyìí, mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá ní kí n kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n bi Àlájì pé, bí Kúrunmí bá jàre, kí ni àwọn ará Ìjàyè tí ebi pa nígbà ìdótì ṣe? Wọ́n ń retí èsì.

Sátidé tó ń bọ̀, a ó parí Gáà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Lápàdé. Aládùúgbò wa ti ní ká mú àga díẹ̀ kún un. Bí ẹnikẹ́ni n'Ógbómọ̀ṣọ́ bá ní "Àjà Ló Lẹrù" tí ojú ewé rẹ̀ pé, tó lè yá mi fún oṣù kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. N ó fi bébà bo èèpo rẹ̀, n ó sì dá a padà.

Àlájì Sábó (Ògbómọ̀ṣọ́):

Mo ní in. Èmi fúnra mi ni n ó gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, torí ìbéèrè Bàbá yẹn, n kò lè dáhùn rẹ̀ nínú ìwé. Ẹ bá mi fi àga kan sílẹ̀.